Bí a ṣe ń gbin òṣíbàtà àti ojúoró sínú adágún ọgbà ilé

Tí Yorùbá bá ń ṣàdúrà pé kí èèyàn lékè, ojúoró àti òṣíbàtà ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Ẹni tó bá gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á tètè rí i pé àdúrà náà ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ojúoró mẹ́ta tí ẹ jù sínú omi lónìí lè di odidi ẹní kí oṣù méjì tó pé. Ẹ ò ní rí omi mọ́, ẹja inú rẹ̀ ò sì ní rí èémí mí. Gbígbìn wọn ò le rárá. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí a má jẹ́ kí ọ̀kan gba gbogbo oòrùn àti oúnjẹ mọ́ ìyókù lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí erùpẹ̀, ìkòkò àti ajílẹ̀ níhìn-ín ju òdòdó lọ.

Àwọn tí a ó gbìn, àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ mú wọlé

Òṣíbàtà ni olórí. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú erùpẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ọ̀pá ewé rẹ̀ gùn wá sókè, ewé sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú odò wa ni Nymphaea lotus, olódòdó funfun. Etí ewé rẹ̀ rí bí eyín ayùn. Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ máa ń là, á sì padé kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló máa ń ráyè jókòó sí ọgbà ò ní gbádùn rẹ̀. Ẹnì bẹ́ẹ̀, kí ó wá Nymphaea micrantha, tó kéré jù ú lọ, tí òdòdó rẹ̀ ń là lójú ọmọ aráyé lọ́sàn-án, tó sì tún ní àrà kan tí a ó padà sọ nípa rẹ̀.

Ojúoró, Pistia stratiotes, kò nílò erùpẹ̀ rárá. Ewé rẹ̀ tò yí ara wọn ká bí ti létùúsì kékeré, ó ní irun wẹ́wẹ́ lára bí aṣọ àrán, omi kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fì bí irùngbọ̀n nísàlẹ̀. Nínú omi gan-an ló ti ń fa oúnjẹ, ìyẹn ló sì fi wúlò: ohun tí ì bá sọ omi di aláwọ̀ ewé ni ó ń jẹ.

Fún etí adágún, ìdò ni kí ẹ gbìn, èyí tí àwọn ológbà ń pè ní kánà, tí hóró rẹ̀ dúdú roboto tó sì le bí ọta. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, ó sì lè fi ẹsẹ̀ sínú omi díẹ̀. Tí ẹ bá rí hornwort lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ ra ẹyọ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Abẹ́ omi ló ń gbé, ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, kò sì ní gbòǹgbò. Ẹ kàn sọ ọ́ sínú omi ni.

Water hyacinth ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i nínú omi Badagry, láti ìgbà náà ló sì ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja lójú ọ̀sà. Àwọn tó ń ta òdòdó máa ń tà á nítorí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tó rẹwà. Ẹ lè fi ọ̀pá ewé rẹ̀ dá a mọ̀: ó wú bí bọ́ọ̀lù kékeré, inú rẹ̀ sì rí bí kànrìnkàn. Ewé rẹ̀ ń dán, kò ní irun bí ti ojúoró. Bí ẹyọ kan bá bá omi òjò bọ́ sínú gọ́tà, ó di ti gbogbo àdúgbò nìyẹn.

Àyè àti gbígbẹ́

Òṣíbàtà tí kò bá rí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́ á ní ewé, kò ní ní òdòdó. Ẹ má gbẹ́ adágún sábẹ́ igi máńgòrò tàbí píà. Òjìji rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro, ewé tó ń já bọ́ sínú omi á jẹrà, á sì máa bọ́ ohun tí ẹ kò fẹ́ bọ́. Kí ibẹ̀ jìnnà sí ṣalangá. Kí ó má sì jẹ́ ibi tí omi òrùlé tàbí àgbàrá àgbàlá yóò ti máa ya wọ inú rẹ̀.

Adágún tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba nǹkan bí lítà 3,000. Tí ó bá kéré ju ìyẹn lọ, oòrùn ọ̀sán á tètè mú omi gbóná. Bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ, ẹ fi pẹpẹ kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí orí rẹ̀ sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí etí adágún. Orí pẹpẹ yẹn ni ìdò yóò jókòó sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni etí. Omi kì í purọ́: bí apá kan bá ga ju èkejì lọ pẹ̀lú ínǹṣì méjì, ibẹ̀ ni tapólì yóò ti máa yọjú títí ayé. Ẹ ṣe bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe. Ẹ bu omi sínú rọ́bà tó mọ́ gaara, kí ẹnì kan di ẹnu kan mú ní apá ọ̀hún, kí ẹ̀yin di èkejì mú níhìn-ín, ibi tí omi bá dúró sí nínú ẹnu méjèèjì ni etí yín gbọ́dọ̀ bá dọ́gba. Ẹ ṣe é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ́ ohunkóhun.

Tapólì tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe adágún ẹja alágbèéká, ló rọrùn jù. Láti mọ iye tí ẹ ó rà, ẹ mú gígùn adágún, ẹ fi ìlọ́po méjì jíjìn rẹ̀ kún un, kí ẹ tún fi sẹ̀ǹtímítà 60 kún un fún etí méjèèjì. Fún adágún tí a ń sọ yìí, 3 + 1.2 + 0.6 jẹ́ mítà 4.8. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 2 + 1.2 + 0.6, ìyẹn mítà 3.8. Ẹ ṣa gbogbo òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ tẹ́ yanrìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sísàlẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ tapólì lé e. Ẹ má tíì gé etí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pọn omi kún un, nítorí ìwúwo omi yóò fa tapólì wọlé. Ẹni tó bá ti gé e ṣáájú á wá máa wá ibi tí yóò ti rí èyí tí yóò fi lẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi páìpù PVC onínǹṣì méjì sí ibi tí yóò ti máa ṣàn jáde nígbà òjò, sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀ etí. Ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì darí rẹ̀ sí ibi tí òdòdó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ẹ má darí rẹ̀ sínú gọ́tà.

Tó bá jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ má gbin nǹkan kan sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ parí rẹ̀. Ẹ̀fun inú sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń jáde sínú omi, á sì jó gbòǹgbò. Ẹ pọn omi kún un, ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ bí àwọn olówò ẹja ṣe ń ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ẹni tó ń gbé ilé àyálégbé lè lo dúrọ́ọ̀mù oníke lítà 200 tí wọ́n gé sí méjì, òṣíbàtà kékeré kan yóò ṣe dáadáa nínú ìdajì rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí. Tí ó bá jẹ́ kẹ́míkà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kí a tó kúrò níbí: ọmọ ọdún méjì lè rì sínú omi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àwọ̀n irin tó lágbára tí yóò wà lókè ojú omi díẹ̀, kì í ṣe sísàlẹ̀ rẹ̀. Ewé yóò gba inú rẹ̀ yọ.

Omi

Omi kànga àti omi òjò dára. Tí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ jẹ́ kí ó dúró ọjọ́ méjì kí kílórínì inú rẹ̀ lọ. Omi bọ́ọ́họ̀ tó ní irin nínú á pọ́n bí ìpẹtà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀ nínú táǹkì fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó fà á sínú adágún, kí ẹ sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Erùpẹ̀ àti ìkòkò

Erùpẹ̀ dúdú, èyí tó kún fún ìdọ̀tí jíjẹrà tí ẹ fi ń gbin ẹ̀fọ́, ni kò dára fún òṣíbàtà. Ìdajì rẹ̀ á léfòó, ìdajì tó kù á jẹrà nísàlẹ̀ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ẹ ó gbọ́ òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ nígbà tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, gbòǹgbò yóò sì ti dúdú. Ohun kan náà ni ìgbẹ́ adìyẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó máa fà. Ẹ má da èyíkéyìí nínú wọn mọ́ ọn.

Erùpẹ̀ tó wúwo ni a fẹ́: ṣọ́bìrì méjì erùpẹ̀ oko lásán, ṣọ́bìrì kan amọ̀. Ẹ pò ó pọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ bu ún sọ́wọ́, kí ẹ sì yí i bí ìka. Bí ó bá fọ́ kí ẹ tó yí i tán, yanrìn ti pọ̀ jù, ẹ fi amọ̀ kún un. Bí ó bá ń dán tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi ti amọ̀kòkò, ẹ dín amọ̀ kù. Èyí tó yí, àmọ́ tó sán lára díẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ló dára.

Ìkòkò tó fẹ̀ ló sàn ju èyí tó jìn lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni gbòǹgbò òṣíbàtà ń gbà lọ. Báàfù oníke tó ń gba lítà 15, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó ga ní 20, yóò gba ẹyọ kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ẹ dùbúlẹ̀ tí ẹ sì gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára rẹ̀ náà dára. Ẹ má lu ihò sí i nídìí. Ìkòkò inú omi kò nílò ibi tí omi yóò gbà jáde, ihò yẹn á kàn jẹ́ kí erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ máa tú jáde ni.

Wíwá irúgbìn, àti fífọ̀ ọ́

Ẹ lè rí ojúoró lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà. Èyí tí ó ti rọ, tí àárín rẹ̀ bá ṣì le tó sì tutù, yóò tún jí nínú omi. Ẹ lè rí òṣíbàtà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí kí ẹ hú u nínú adágún ẹja tí olówó rẹ̀ fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ odò lẹ máa wọ̀, ẹ wọ bàtà òjò tó ga. Àìsàn àtọ̀sí ajá, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, inú irú ìṣáwùrú kan ni kòkòrò rẹ̀ ti ń dàgbà kí ó tó wọ ara èèyàn, abẹ́ ewé òṣíbàtà sì ni ìṣáwùrú wọ̀nyẹn fẹ́ràn láti máa lẹ̀ mọ́.

Ìdí kan náà nìyí tí a kì í fi í gbé ewéko odò sínú adágún ilé tààrà. Ẹ yí gbogbo ewé padà, ẹ ṣa ìṣáwùrú kúrò, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò nu ẹyin wọn tó rí bí ọ̀gì dídì tó mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà, ẹ po ṣíbí ìjẹun álọ́ọ̀mù kan sínú omi lítà 4, ẹ rẹ ewéko náà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ wá fi í sínú báàfù omi mìíràn lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ìṣáwùrú kankan bá yọjú láàárín ìgbà yẹn, ẹ tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù fún.

Gbígbìn

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló dára jù, nígbà tí omi ti lọ́wọ́ọ́wọ́ tí òjò sì ń bá yín pọn ún.

Ẹ bu erùpẹ̀ kún báàfù dé ìdajì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé òṣíbàtà lé àárín, ẹ na gbòǹgbò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì bu erùpẹ̀ yí i ká títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 4 kí báàfù kún. Ojú ibi tí ewé ti ń yọ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú erùpẹ̀. Bí ẹ bá rì í, á jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ gé gbogbo ewé tó ti ya tàbí tó ti pọ́n kúrò, méjì tàbí mẹ́ta tó kéré jù ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ lé e lórí, kí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó bo ojú ewé. Òkúta yìí ni kì í jẹ́ kí ẹja tú erùpẹ̀. Ẹ fi omi rin ín kí ó tutù dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọ omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tú jáde, á sì ti ewéko náà jáde.

Bó bá jẹ́ iṣu rẹ̀ lásán lẹ rí, tí kò tíì ní ewé, ẹ kọ́kọ́ fi í sínú báàfù tí omi orí rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn.

Búlọ́ọ̀kù ni ẹ ó fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lo èyí tó ti pẹ́ tí òjò ti fọ̀, kì í ṣe tuntun. Ẹ gbé báàfù lé búlọ́ọ̀kù tó dúró ní sẹ̀ǹtímítà 22: omi orí erùpẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 20. Tí ewé márùn-ún bá ti tẹ́ lójú omi, ẹ yí búlọ́ọ̀kù dùbúlẹ̀, èyí tí yóò ga ní 15. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, omi orí rẹ̀ á wá di nǹkan bí 40, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ẹni tó bá gbé e sísàlẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ kìíní á rí i pé ọ̀pá ewé ń gùn lọ láìdé òkè, gbogbo okun inú iṣu á sì tán sójú ọ̀nà.

Òṣíbàtà méjì péré ni adágún mítà 3 sí 2 nílò. A mọ̀ pé yóò dà bí ẹni pé ó ṣófo lóṣù kìíní. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdò ń lọ sórí pẹpẹ nínú ìkòkò tirẹ̀, kí omi orí erùpẹ̀ rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Ojúoró àti ọgbà tí a ó sé e mọ́

Ẹ mú họ́ọ̀sì tó gùn ní mítà 3, ẹ fi igi kékeré dí ẹnu méjèèjì kí omi má wọlé, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀. Yóò di òrùka tó fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1, tí yóò máa léfòó. Ẹ fi okùn so ó mọ́ òkúta etí adágún, kí ẹ wá kó ojúoró mẹ́fà sínú rẹ̀. Ọgbà wọn nìyẹn. Tí wọ́n bá kún un, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ àti yọ ti pé. Bí ẹ kò bá sé wọn mọ́, atẹ́gùn á kó gbogbo wọn jọ sórí ewé òṣíbàtà, wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀.

Èyí tó ti abẹ́ òjìji wá, ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan lọ́jọ́ kan náà. Ewé rẹ̀ á funfun bí bébà. Ẹ fi aṣọ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fún ọjọ́ mẹ́rin.

Gbogbo ewé tó ń léfòó, ti òṣíbàtà àti ti ojúoró pa pọ̀, kò gbọdọ̀ bo ju ìdajì omi lọ, tàbí díẹ̀ lé ní ìdajì. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, oòrùn á sọ omi di aláwọ̀ ewé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọ inú omi, ẹja á máa yọ ẹnu sókè láàárọ̀ kùtù.

Fífún un ní oúnjẹ

Ẹ má fún un ní nǹkan kan fún oṣù kìíní. Lẹ́yìn náà, NPK 15-15-15 tí àwọn àgbẹ̀ ń lò tó, àmọ́ ẹ má fọ́n ọn sínú omi. Ẹyọ ìkúnwọ́ kan tó tú sínú adágún á sọ ọ́ di ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ mú amọ̀ tó tó ẹyin adìyẹ, ẹ fi àtàǹpàkò lu ihò sí i láàárín, ẹ da ìdajì ṣíbí tíì NPK sínú ihò náà, ẹ pa á dé, kí ẹ sì yí i róbótó. Ẹ sá a síbi tí kò sí oòrùn fún ọjọ́ méjì. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni báàfù lítà 15 nílò, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ fi ìka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú erùpẹ̀ títí ìka yóò fi wọlé tán, kí ó jìnnà sí ojú ewé tó àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ dí ojú ihò náà. Amọ̀ yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò nìkan ni yóò sì rí i jẹ.

Ẹ ó mọ̀ pé ebi ń pa á bí ewé tuntun bá kéré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tí kò sì yọ òdòdó fún oṣù kan láìsí ìdí. Bí etí ewé bá gbẹ bí èyí tí iná jó lẹ́yìn tí ẹ fún un lóúnjẹ, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fo ìgbà méjì tó ń bọ̀.

Ojúoró kò nílò ajílẹ̀. Tí ó bá ń pọ́n tí gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn gan-an, omi yín ti mọ́ jù fún un ni, ìyẹn kì í sì í ṣe ìṣòro.

Ẹ̀fọn

Adágún tí kò ní ẹja jẹ́ ilé tanwíjí. Gọ́ọ̀pì mẹ́wàá sí márùndínlógún tó fún adágún yìí, wọn ò sì jẹ́ kí ẹ máa fi oúnjẹ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ má fi àrọ̀ sínú rẹ̀, á máa wa ìdí ìkòkò títí yóò fi dojú rẹ̀ dé. Ẹpìyà náà kò dára, nítorí ewé tútù wà lára oúnjẹ rẹ̀.

Àmọ́ ẹja nìkan kò tó níbi tí ojúoró bá wà. Ẹ̀fọn kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Mansonia. Tanwíjí tirẹ̀ kì í wá sójú omi láti mí bíi ti àwọn yòókù. Ó máa ń gún gbòǹgbò ojúoró ni, á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, nítorí náà àárín irùngbọ̀n yẹn ló máa ń fara pa mọ́ sí, ẹja kì í sì í rí i. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ gbé ojúoró kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ gbọn gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa sínú garawa omi, kí ẹ sì da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ bá gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ dànù.

Tí òdòdó bá ń là

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí òṣíbàtà funfun bá là, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín rẹ̀. Ẹ ó rí omi díẹ̀ tó dúró gaara nínú rẹ̀ bí omi inú ìdérí ìgò. Lálẹ́ yìí, abo ni òdòdó náà. Kòkòrò tó ti fi ara kó ìyẹ̀fun òdòdó mìíràn á yọ̀ bọ́ sínú omi yẹn, ìyẹ̀fun á ṣàn kúrò lára rẹ̀, nígbà mìíràn kòkòrò náà á kú síbẹ̀. Tó bá di alẹ́ kejì, omi náà ti gbẹ, òdòdó yóò sì wá máa tú ìyẹ̀fun tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á wọ omi lọ. Ẹ má fà á jáde bí ẹ bá fẹ́ èso. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ gé e láti ìdí, kí okun má bàa máa lọ sínú hóró.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, àti ìdí rẹ̀

Omi aláwọ̀ ewé ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Gbogbo adágún tuntun ló ń là á kọjá. Ẹ má dà á nù. Omi tuntun ń kó oúnjẹ tuntun wọlé, ẹ ó sì padà sí ọjọ́ kìíní. Tí ewé bá ti bo nǹkan bí ìdajì, yóò mọ́ fúnra rẹ̀.

Ewé kan tó pọ́n ní ìdí òṣíbàtà kì í ṣe àìsàn, àgbà ló dé bá a. Ẹ gé e láti ìsàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó jẹrà sínú omi. Bí gbogbo wọn bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fa ìkòkò jáde, kí ẹ sì gbóòórùn erùpẹ̀.

Ewé tó dìde kúrò lójú omi, tí wọ́n ń ti ara wọn, ń sọ pé ìkòkò ti kún tàbí pé omi ti fà jù.

Ewé tí wọ́n gé róbótó bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé e jẹ́ iṣẹ́ ìdin labalábá kékeré kan tó ń fi ègé ewé ṣe ilé. Ẹ yí ewé padà, ẹ ó rí ègé náà tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ìdin wà láàárín. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé, ẹ fi họ́ọ̀sì fọ́n ọn sínú omi, ẹja á kó o jẹ. Ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò sí i rárá, ẹja ni yóò kọ́kọ́ pa.

Omi tó ń dín kù. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn nìkan lè fa sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá rò pé ó ń jò, ẹ bu omi adágún kún garawa kan, ẹ gbé e sórí pẹpẹ, kí ẹ sì sàmì sí ojú omi méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, bí ti adágún bá lọ sílẹ̀ ju ti garawa lọ, ó ń jò. Ibi tó bá dúró sí ni kí ẹ ti wá ihò. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fi omi kún un, díẹ̀díẹ̀, kí omi tútù má bàa dé bá ẹja lójijì.

Òṣíbàtà á rọra lọ nígbà ọyẹ́ nítorí òtútù òru. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró títí ooru yóò fi padà dé.

Fún àwọn tó wà lókè òkun

Ní Bràsíìlì, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti ibẹ̀, ṣì ń pe méjèèjì ní ojuoró àti oxibatá, kò sí wàhálà, ojú ọjọ́ bá wọn mu. Ní London, òtútù yóò pa òṣíbàtà tiwa. Kí omi tó di yìnyín, ẹ gbẹ́ iṣu rẹ̀ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bò ó mọ́ inú yanrìn tó tutù díẹ̀ nínú ike, kí ẹ sì gbé e síbi tí kò tutù jù tí kò sì gbóná, títí ìgbà ooru. Ní Florida, òfin kò fàyè gba ojúoró nínú adágún ẹnikẹ́ni. Ní Britain, water hyacinth wà lára àwọn tí wọ́n fòfin dè. Ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó sanwó.

Yíyọ àti pínpín

Ojúoró tí ẹ bá yọ, ẹ má jù ú sí gọ́tà tàbí odò. Ẹ sá a sórí ilẹ̀, omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀, nítorí náà odidi apẹ̀rẹ̀ kan á gbẹ di ìkúnwọ́ díẹ̀ tí ẹ lè fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ata. Ó lè yún yín lọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu.

Òṣíbàtà nílò pínpín lẹ́yìn ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Ẹ gbé báàfù jáde, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ṣan erùpẹ̀ kúrò. Ẹ ó rí ọmọ kéékèèké tó ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò àti ewé méjì, kí ẹ sì gbìn wọ́n bí a ti sọ ṣáájú. Fún micrantha, ẹ kò nílò ọ̀bẹ: ní àárín ewé tó ti dàgbà, níbi tí ọ̀pá ti pàdé ewé, ọmọ kékeré kan á hù, pẹ̀lú ewé tirẹ̀ tó kéré bí owó ẹyọ. Ẹ gé ewé náà, ẹ fi òkúta kékeré kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ erùpẹ̀ nínú báàfù tí omi rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ewé ìyá á jẹrà, ọmọ á ta gbòǹgbò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.